Ẹ̀KỌ́ KẸJỌ: OPÓ SÁRÉFÁTÌ ÀTI ÀLEJÒ RẸ̀

Bíbélì Kíkà: 1 Àwọn Ọba 17:8-16, Deuteronómì 14:28-29
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Léfítíkù 19:34
Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ pé ẹrù ogunléndé kì í ṣe ti onílé kan ṣoṣo.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

Bí a bá ń ka ìtàn yìí, ìyẹ̀fun tí kò tán ni a sábà máa ń tẹnu mọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Èlíjà ń fara pamọ́ fún ọba Áhábù. Odò tí ó ń mu gbẹ, ó sì kọjá sí ilẹ̀ Sídónì, ilẹ̀ àjèjì. Ẹni tí Ọlọ́run rán an sí kì í ṣe olówó. Opó ni, igi ni ó sì ń ṣà láti fi se oúnjẹ ìkẹyìn fún ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Ọ̀dá tí ó lé àlejò ti dé ilé onílé náà. Ẹ kíyè sí i pé obìnrin yìí kò bo àìní rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sọ iye tí ó kù nínú ìkòkò, a kò sì bá a wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di òní. Nínú ogunléndé mẹ́wàá ní ayé, nǹkan bí méje ni ó sá lọ sí orílẹ̀-èdè tí ó bá tiwọn pààlà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbà wọ́n kò ní púpọ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà, Òru, nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó, ni a pàgọ́ sí fún wọn ní ọdún 1990. Àwọn ará Sàró sì wá bá wọn níbẹ̀. Òru kì í ṣe ìlú ńlá. Àwa tí a ń gbé Òkè-Odò mọ bí ó ti ń rí nígbà tí èrò bá pọ̀ ju kànga lọ, tí ènìyàn mẹ́ta ń du yàrá kan, tí owó ilé sì ń gòkè. Ẹni tí ó bá ní kò sí ìnira nínú gbígba àlejò, bóyá kò tíì gba àlejò rí.

Ìnira yìí náà ni àwọn ìjọba máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ lé àlejò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà ṣe àdéhùn ní Addis Ababa pé bí ẹrù ogunléndé bá wúwo jù fún ọ̀kan, kí ó ké sí àwọn yòókù láti bá a gbé e. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà gan-an, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ẹ̀jìgbò àti Ọ̀fà wà nínú wọn, oníṣòwò, tí púpọ̀ jẹ́ Onítẹ̀bọmi bíi tiwa. Wọn kì í ṣe ogunléndé nígbà tí wọ́n lọ; lílé ni ó sọ wọ́n di aláìnílé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba tiwa náà lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Ghana. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ṣì ń pè ní “Ghana must go” lọ́jà.

Ẹ wá wo Deuteronómì. Òfin náà kò fi àlejò lé opó kan lọ́wọ́. Ní ọdún kẹta-kẹta, gbogbo ilé ni ó ń kó ìdámẹ́wàá jọ sí inú ìlú, kí àlejò, opó àti aláìníbaba lè jẹ níbẹ̀. Láàrin wa, bí arábìnrin kan bá gba ìdílé tí ogun lé sínú yàrá méjì rẹ̀, a ó yìn ín, a ó gbàdúrà fún un, a ó sì gba ilé wa lọ. Ta ni ń san owó omi?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni opó náà sọ ní ẹsẹ 12? Ṣé àìgbàgbọ́ ni?

2. Ta ni nínú ìjọ wa tí ó ń gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ sílé? Bí onílé náà bá gbà, kí olùkọ́ kọ ohun tí ó ń ná lóṣù kan sí ojú pátákó, kí kíláàsì sì pinnu lónìí iye tí a ó máa bá a gbé nínú rẹ̀ àti ẹni tí yóò máa gbà á jọ.