Ẹ̀tanú Àwùjọ àti Ẹni Tí A Tì Síta Nínú Ìtàn Àròsọ Ìdàgbàsókè Ọ̀dọ́: Àyẹ̀wò Purple Hibiscus fún Olùkọ́ Èdè

Ìfáàrà

Ìtàn àròsọ ìdàgbàsókè ọ̀dọ́ ni ìtàn tí ó ń tọ ipa bí ọmọ ṣe ń kúrò lábẹ́ ojú tí àwọn àgbà fi ń wo ayé, títí tí yóò fi ní ojú tirẹ̀. Ẹni tí àwùjọ tì síta kì í wọ́n nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀: ó lè jẹ́ àjèjì, ó lè jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn, ó sì lè jẹ́ ẹni tí èdè rẹ̀ kò níyì lójú àwọn alágbára. Ìyà tí ó ń jẹ ẹni náà ni a sábà máa ń tẹnu mọ́ ní kíláàsì. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé orúkọ tí a ń pe ẹlòmíràn ni ẹ̀tanú fi ń wọ ọkàn ọmọ, àti pé ọmọ tí a fi ẹ̀tanú kọ́ a máa pín nínú ìpalára rẹ̀. Ìwé tí a gbé yẹ̀ wò ni Purple Hibiscus tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ ní ọdún 2003. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ipò èdè Igbo nínú rẹ̀ kan gbogbo olùkọ́ èdè abínibí.

Orúkọ tí ó sọ baba di àjèjì

Kambili, ọmọbìnrin ọdún 15, ni asọ̀tàn. Eugene, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọlọ́rọ̀ ní Enugu, ó lawọ́ sí aráàlú, ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà paraku. Síbẹ̀, Papa-Nnukwu tí ó bí i lọ́mọ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà ilé rẹ̀ ní Abba, nítorí pé ó di ẹ̀sìn àwọn baba ńlá rẹ̀ mú. Nígbà Kérésìmesì, ìṣẹ́jú 15 péré ni àwọn ọmọ lè lò lọ́dọ̀ bàbá àgbà yìí. Wọn kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu kan oúnjẹ tàbí omi rẹ̀.

Papa-Nnukwu kò ṣí kúrò nílùú rẹ̀. Orúkọ kèfèrí tí ọmọ rẹ̀ fún un ni ó sọ ọ́ di ẹni ìta. Ifeoma, àbúrò Eugene lóbìnrin, kọ orúkọ yìí, ó sì ṣàlàyé fún Kambili pé ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni bàbá àwọn. Nígbà kan tí Kambili bẹ arúgbó náà wò, ó ń fi ojú wá àmì àìwà-bí-Ọlọ́run lára rẹ̀. Kò rí ọ̀kan, síbẹ̀ ó dá a lójú pé ó ní láti wà níbì kan. Ní Nsukka ni ojú rẹ̀ tó là, nígbà tí Ifeoma jí i ní ìdájí kí ó lè wo bí Papa-Nnukwu ṣe ń fi ẹfun fa ilà sílẹ̀, tí ó ń gbàdúrà, tí ó sì ń tọrọ ìbùkún fún Eugene pẹ̀lú.

Èdè gẹ́gẹ́ bí ẹni ìta

Èdè Igbo náà jẹ nínú ẹ̀gàn yìí. Eugene kì í fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ láàárín èrò. Gẹ̀ẹ́sì ni ó kà sí èdè ọ̀làjú. Nínú ìjọ wọn, orin ọrẹ nìkan ni Fadá Benedict gbà kí wọ́n fi Igbo kọ. Amaka, ọmọ Ifeoma, ni ó yarí: ó kọ̀ láti mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbọ́wọ́ lé wọn lórí.

Ìpalára fún ọmọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú ìtàn yìí, ara àwọn ọmọ ni eérú náà kọ́kọ́ bà lé. Eugene da omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ wọn nítorí pé wọ́n bá bàbá àgbà wọn gbé inú ilé kan náà, wọn kò sì sọ fún un. Ó lu Kambili títí tí ó fi dé ilé ìwòsàn nítorí àwòrán Papa-Nnukwu tí Amaka yà. Ohùn Kambili a máa há sí i lọ́fun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé sì pè é ní agbéraga, òun náà wá di ẹni ìta. Ní ìgbẹ̀yìn, ìyá wọn fi májèlé pa Eugene. Jaja, ẹ̀gbọ́n Kambili, gba ẹ̀bi náà sọ́rùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún 3 lẹ́wọ̀n.

Òǹkọ̀wé kò fi Eugene hàn bí ìkà lásán. Àlùfáà kan ti fi omi gbígbóná jẹ òun náà níyà nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbà pé oore ni. Ẹ̀kọ́ tí ó gbà ni ó ń kọ́ni.

Ìlò rẹ̀ ní kíláàsì

Ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ to gbogbo orúkọ tí a pe Papa-Nnukwu jọ, kí wọ́n sì sọ ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú èdè tiwọn. Nínú Yorùbá, bí àpẹẹrẹ, kèfèrí jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wá, ẹ̀gàn sì wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò ní ẹ̀gàn. Kí olùkọ́ ṣọ́ra kí ó má ṣe fi akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ ṣe àpẹẹrẹ lójú gbogbo kíláàsì.

Ìkádìí

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé ẹnu àgbà ni ọmọ ti ń gba ẹ̀tanú. Olùkọ́ èdè, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ wíwọ̀n, wà ní ipò láti kọ́ ọmọ bí a ṣe ń yẹ orúkọ wò kí a tó fi pe ọmọnìkejì.