Lẹ́tà sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n tí Ó Fẹ́ Fi Tuvalu Sílẹ̀

Àbúrò bàbá, láti erékùṣù Vaitupu, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Funafuti. Ó kí i kú ìfaradà omi òkun tí ń sun jáde láti inú ilẹ̀ nígbà tí òkun bá kún àkúnjù.

Àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n gbé ìròyìn dé pé ọmọ náà ti forúkọ sílẹ̀ fún kèké tí wọ́n ń ṣẹ́ láti yan àwọn tí yóò lọ lábẹ́ Falepili, ìyẹn àdéhùn tí Tuvalu àti Ọsirélíà fọwọ́ sí ní 2023, tí ó fàyè gba 280 ènìyàn lọ́dọọdún láti lọ máa gbé ní Ọsirélíà. Ẹnu ọmọ ilé ni ó yẹ kí àgbà ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù òkun, ọ̀dá àti ilẹ̀ híhá tí ó mú ọmọ náà fẹ́ lọ kì í ṣe àsọdùn. Erékùṣù mẹ́sàn-án péré ni orílẹ̀-èdè náà, kò ní odò kankan, omi òjò tí òrùlé ń dà sínú táǹkì ni wọ́n ń mu, ọ̀dá 2011 sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kéde ipò pàjáwìrì. Ní Funafuti, ilẹ̀ há débi pé pápá ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà là ní 1943 ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n kòtò pulaka ìdílé ńkọ́? Pulaka, irú kókò kan tí wọ́n ń gbìn sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ títí ó fi kan omi aláìníyọ̀ abẹ́ ilẹ̀, kì í dá hù; ewé jíjẹrà ni wọ́n ń kì yí ìdí rẹ̀ ká. Nígbà tí àbúrò bàbá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òkun ní Amatuku, tí ó ń bá ọkọ̀ àwọn ará Jámánì kiri, bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pè é títí, owó ni ó ń fi ránṣẹ́. Ìgbà tí ó dé, koríko ti bo kòtò, ẹni tí ìbá sì kọ́ ọ ti sùn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún.

Àwọn ará Vaitupu tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí erékùṣù Kioa ní Fiji ní 1947 lọ pẹ̀lú ìmọ̀ ìlú, lórí ilẹ̀ tí gbogbo ìlú pawọ́ pọ̀ rà. Ìrìn bẹ́ẹ̀ ni àbúrò bàbá fara mọ́, kì í ṣe àdálọ. Bí kèké bá mú ọmọ náà, kí ó kọ́kọ́ wọkọ̀ wá sí Vaitupu ní àsìkò òjò, kí ó mú àkọ́bí rẹ̀ dání, kí àwọn méjèèjì wọ inú kòtò náà, kí ó má sì fi owó ránṣẹ́ dípò ara rẹ̀.