Koríko Wà, Màlúù Dà?

ÌBÉÈRÈ: Ekinrin-Adde, nílẹ̀ Ìjùmú, ni mo ti ń kọ̀wé. Koríko tiwa pọ̀ ju ti Niger àti Chad lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ màlúù tí à ń pa jẹ, ọ̀hún ni wọ́n ti ń dà á wá. Ṣé àwọn baba wa kò mọ ẹran sìn ni?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ yín mọ́gbọ́n dání. Koríko ni màlúù ń jẹ, ibi tí koríko bá sì pọ̀ sí ló yẹ kí màlúù pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má dá àwọn baba yín lẹ́bi. Wọ́n sin ewúrẹ́, wọ́n sin àgùntàn. Eṣinṣin kan ló gba màlúù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Tsetse lorúkọ rẹ̀. Tó bá bà, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì a gun orí ara wọn bí ojú àlùmọ́gàjí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń mu, ibẹ̀ ló sì ti ń kó àìsàn láti ara ẹran kan sí òmíràn. Etí odò àti igbó tó níbòòji ló fẹ́ràn, ilẹ̀ yín sì nìyẹn. Ìjọba lè ka ẹ̀yin Yorùbá Okun mọ́ Òkè Ọya, eṣinṣin kò ka máàpù! Màlúù oníké tí àwọn Fúlàní ń sìn kì í lè fara dà á: á rù, á gbẹ, á kú. Ní etí aṣálẹ̀, koríko kéré lóòótọ́, àmọ́ tsetse kò lè gbé ibẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí màlúù fi di ọjà. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dà á wá sísàlẹ̀, wọ́n á sì tètè tà á fún pípa kí àìsàn tó mú un. Nígbà tó yá, ojú irin tó so Èkó mọ́ Kánò ní 1912 mú ọjà náà rọrùn sí i. Ní Sábó, àdúgbò Hausa ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, àlejò onímàlúù ìgbà náà kò mọ alápatà kankan. Ẹni tí Hausa ń pè ní mai gida ló ń gbà á sílé, tó ń bá a ta màlúù láwìn fún alápatà Yorùbá, láìkọ ìwé. Bí alápatà bá sá lọ, mai gida ló ń san gbèsè. Ẹ wo irú ìgboyà bẹ́ẹ̀!

Agbo màlúù tí ẹ ń rí nítòsí yín lónìí kò ba èyí jẹ́. Láti nǹkan bí 1950 ni oògùn àìsàn náà ti ń pọ̀ sí i, igbó náà sì ń di oko.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo màlúù ni tsetse ń tètè borí: màlúù kúkúrú kan wà tí kò níké, muturu, tí tsetse kì í tètè pa. Ẹ bi àwọn àgbà Ekinrin-Adde bóyá wọ́n rántí rẹ̀.