Ẹ̀KỌ́ KEJE: GÈGÉ WO NI KÍ A FI KỌ ÌWÉ ÌTÁ?

 

Ẹ̀kọ́ kẹfà dá lórí àmì ohùn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yẹn, púpọ̀ nínú yín ti lọ ra ohun ìkọ̀wé tuntun. Àwọn kan ra gègé onítàdáwà, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní fáńténì pẹ́ẹ̀nì. Àwọn ọ̀dọ́ ra gègé jẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ méjìlá nínú páálí kan. Ó dára, a ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi èyíkéyìí nínú wọn kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ó tọ́jọ́, ẹ jókòó, kí ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí tán.

1. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ gègé fi ṣe pàtàkì?

Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹta ni ìtá. Ọjọ́ yẹn ni òrìṣà máa ń sọ ohun tí ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ máa ṣe, ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ, àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Ní Cuba, akọ̀wé a máa jókòó ti ẹni tó ń da owó ẹyọ, á sì máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní libreta. Ìwé yẹn ni ọmọ náà yóò máa yẹ̀ wò títí ayé rẹ̀. Àwọn ìwé mìíràn wà tí wọ́n ti ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ, tí ọmọ tún dà á kọ fún ọmọ tirẹ̀.

Ẹ wá wo gbólóhùn kékeré yìí: Má jẹ ẹyin. Ẹyin adìyẹ ni wọ́n ń wí. Ẹ fi àmì kan ṣoṣo kún un: Má jẹ ẹyìn. Ó ti di ẹyìn ọ̀pẹ, èyí tí a fi ń se ọbẹ̀ ẹyìn, tí a sì ń fún epo pupa lára rẹ̀. Àmì kan ló yàtọ̀, èèwọ̀ sì ti di méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹtu àti ẹtù. Ẹran inú igbó ni ẹtu. Ẹyẹ tí ara rẹ̀ rí tótòtó ni ẹtù. Bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan fi ẹtù rúbọ, tí tàdáwà sì ti parẹ́ lórí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, kí ni ẹni náà máa lọ rà?

Àmì ìsàlẹ̀ náà ńkọ́? Owó là ń ná, ọwọ́ là fi ń ṣiṣẹ́, ọwọ̀ là fi ń gbálẹ̀. Bí ojú gègé bá tóbi jù, àmì abẹ́ lẹ́tà á dà pọ̀ mọ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá di ọ̀kan.

Àwọn àgbà wa ní Cuba fi lẹ́tà èdè Spanish kọ ohun tí etí wọn gbọ́. Wọ́n kọ Ọ̀ṣun ní Ochún, wọ́n kọ Ṣàngó ní Changó. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí bí kò bá sí wọn, ọ̀pọ̀ nǹkan ì bá ti sọnù. Àmọ́ ohùn kò sí nínú ìwé náà, ẹnu àgbà ló wà. Ọjọ́ tí ẹnu yẹn bá dákẹ́, ẹni tó kù á máa méfò. Ìdí nìyí tí àwa fi ń kọ́ yín ní àmì, tí a sì fẹ́ kí àmì náà dúró lórí ìwé.

2. Gègé mẹ́ta àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Báírò. Orúkọ ènìyàn la sọ di báírò. László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Hungary, gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1938, ó sì tún gba òmíràn ní Argentina ní 1943. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ló ń yí ní ẹnu rẹ̀. Tàdáwà inú rẹ̀ nípọn, ó sì ní òróró, nítorí náà omi kì í tètè tú u. Kò gbówó lórí, kò sì wuyì tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀yin ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ má fojú tẹ́ ẹ.

Gègé onítàdáwà. Petrache Poenaru, ọmọ ilẹ̀ Romania tó ń kàwé ní Paris, gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ kan ní 1827. Ní 1884, Lewis Waterman gba tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ẹnu gègé yìí. Tàdáwà ń gba ibẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí epo ṣe ń gba òwú àtùpà gòkè, atẹ́gùn sì ń wọlé láti rọ́pò ohun tó jáde. Nítorí náà, kò fẹ́ agbára. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ lé ìwé jẹ́jẹ́, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ojú dídán rẹ̀ máa wo òkè. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ bíi báírò á ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ F tàbí EF sí lára, torí ìwọ̀nyí ló tẹ́ẹ́rẹ́ tó fún àmì wa. B fẹ̀ jù.

Ẹ tún fiyè sí tàdáwà tí ẹ ń rọ sínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ aró tí wọ́n pò mọ́ omi. Ó rẹwà, ó sì rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n bí omi bá kán sórí ìwé, ọ̀rọ̀ yín ti ṣàn lọ nìyẹn. Irú kan tún wà tí wọ́n fi irin àti kókó kíkorò ara igi óòkù ṣe. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́, kì í dúdú púpọ̀. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, á dúdú, á sì di mọ́ ìwé. Irú èyí ni àwọn akọ̀wé ìjọba fi kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun àti ti àwọn tọkọtaya sínú ìwé ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní ìtọ́jú tirẹ̀ o, torí ó kan díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú gègé láìkọ nǹkan. Ẹ máa fi omi fọ gègé náà déédéé. Tàdáwà dúdú tí àwọn ayàwòrán ń lò, tó ní oje tí ń dì bíi àtè nínú, ẹ má dán an wò rárá. Ó máa dí ọ̀nà gègé pa.

Gègé jẹ́ẹ̀lì. Ilé iṣẹ́ Sakura ní Japan ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1984. Omi ni ìdí tàdáwà rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mú un ki. Ẹ rántí ọbẹ̀ tòmátò inú ìgò: tí kò bá sí ẹni tó mì ín, kò ní jáde, tí ẹ bá mì ín, á ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ẹ̀lì ṣe rí. Bí bọ́ọ̀lù bá ń yí, ó ń ṣàn. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, á tún ki. Àwọ̀ inú òmíràn jẹ́ ìyẹ̀fun kíkúnná tí kì í yòrò nínú omi, èyí sì máa ń tọ́jọ́. Ti òmíràn jẹ́ aró lásán. Ojú 0.5 ló dára fún àmì wa. Èyí tó ń dán yẹ́ríyẹ́rí sábà máa ń fẹ̀, àmì abẹ́ ẹ kì í sì í hàn dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún irú kan tó dà bíi jẹ́ẹ̀lì, tó ní rọ́bà ní ìdí tí a fi ń nù ún. Ó dé ọjà Yúróòpù ní 2006. Ooru ló ń pa tàdáwà rẹ̀ rẹ́. Bí ìwé bá gbóná tó nǹkan bíi 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gbogbo ohun tí ẹ kọ á di funfun. Ọkọ̀ tí ẹ páàkì sínú oòrùn lè ṣe é. Ìdí iná àtùpà lè ṣe é. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà lè padà yọ bí ìwé bá tutù gan-an nínú fírísà, àmọ́ ta ló fẹ́ máa wá ìtá rẹ̀ láàrin ẹja àti ẹran? Ẹ máa fi ṣe iṣẹ́ ìṣirò. Ẹ má fi kọ ìtá.

3. Ìdánwò mẹ́rin

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́ láìdán an wò. Ẹ mú irú bébà tó wà nínú ìwé tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ fi gègé kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn yìí: Ọmọ mẹ́ta ń ṣọ́ ẹyẹlé ní ẹ̀yìn ilé. Ẹ kọ orúkọ gègé náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà:

Èkíní, ojú. Ẹ gbé bébà náà fún ẹlòmíràn. Ṣé ó rí gbogbo àmì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀? Ẹ yí ẹ̀yìn bébà náà wò. Ṣé tàdáwà ò là á já?

Èkejì, ọwọ́. Ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá, kí ẹ fi ìka pa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ìdánwò tiyín gan-an nìyí, torí ọwọ́ yín ló máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta, omi. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kán omi sórí ìdajì ìlà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ojúbọ ni ìwé yín ń gbé, omi tútù, oyin àti epo ò sì jìnnà síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, oòrùn. Ẹ fi páálí dúdú bo ìdajì ìlà, kí ẹ lẹ bébà náà mọ́ fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi ìdajì kan wé ìkejì. Àwọ̀ olómi osàn àti èyí tó ń tàn yòò ló sábà máa ń ṣá kíákíá.

Gègé tó bá yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gègé ìtá yín, ìbáà jẹ́ èyí tó kéré jù lówó.

4. Ọ̀rọ̀ àwọ̀

Ọmọ kan béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé: “Ìyá, ṣé mo lè fi àwọ̀ ìyeyè kọ ti Ọ̀ṣun, kí n fi pupa kọ ti Ṣàngó?” Ìyá ní: “Ọmọ mi, ó ye mí. Wá, ṣé funfun lo máa fi kọ ti Ọbàtálá lórí bébà funfun?” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Ìfẹ́ ló mú ọmọ náà béèrè, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn yín ló kọ́ yín ní àwọ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ìyeyè kì í hàn lórí bébà funfun bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kì í sì í yọ dáadáa bí a bá fi ẹ̀rọ oní dúdú àti funfun dà á kọ. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí: ẹ fi dúdú kọ ọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi àwọ̀ òrìṣà fa ìlà sí etí ìwé. Bí àwọ̀ bá ṣá lọ́la, ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ tún lè fi àwọ̀ ṣètò: ẹ fa ìlà pupa sí abẹ́ èèwọ̀, ìlà aláwọ̀ ewé sí abẹ́ orúkọ ewé, ìlà búlúù sí abẹ́ ẹbọ. Nínú ìwé àmúṣeré, ẹ lè fi àwọ̀ mẹ́ta kọ àmì ohùn mẹ́ta láti fi kọ́ dò, re, mí. Ìyẹn ni jẹ́ẹ̀lì dára fún jù. Ọmọdé tó bá fi àwọ̀ kọ́ ohùn kì í tètè gbàgbé.

5. Ìwé ò rọ́pò orí

Ẹ má rò pé gègé tó dára ti tó. Etí ni àwọn bàbá wa fi kọ́ Ifá, wọ́n sì tún un sọ lẹ́nu títí ó fi wọlé. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ sọ ọ́, kí ẹ tó kọ ọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè fún olúwo yín tàbí ojùgbọ̀nà yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè tún ohùn tó bá ṣì ṣe. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ má kọ, ẹ má kọ ọ́, bó ti wù kí gègé yín dára tó.

Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ lónìí, tó sì fi tàdáwà tó ń tọ́jọ́ kọ ọ́, ti la ọ̀nà fún ọmọ tí a ò tíì bí.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹyin àti ẹyìn? Láàrin ẹtu àti ẹtù? Ẹ pè wọ́n sókè.
2. Kí ló dé tí a ò gbọ́dọ̀ tẹ gègé onítàdáwà bíi báírò?
3. Irú gègé wo ni ooru ń pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́?
4. Báwo ni ẹ ṣe lè fi àwọ̀ òrìṣà sínú ìwé láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ sọnù?

Iṣẹ́ àmúrelé

Ẹ ṣe ìdánwò mẹ́rin yìí fún gègé mẹ́ta, kí ẹ mú bébà náà wá sí kíláàsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ àgbà kan nínú ilé yín kó jẹ́ kí ẹ rí ojú ewé kan tó ti ń ṣá nínú ìwé rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí. Ẹ jókòó tì í, kí ó kà á fún yín, kí ẹ sì dà á kọ pẹ̀lú àmì nígbà tí ẹni tó mọ ohùn rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Kí Ọ̀rúnmìlà fún wa ní òye. Àṣẹ.