Ìgbàgbé Yàtọ̀ sí Arán

Àdúrà tí ó dùn mọ́ Yorùbá lẹ́nu ni pé kí a gbó, kí a tọ́, kí a dàgbà títí a ó fi máa fi erìgì jẹ obì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí a ń ṣe àdúrà náà fún bá ti wọ ọdún tí irun fi ń funfun ní tòótọ́, a ó rí i pé ìbẹ̀rù kan ń tẹ̀ lé àmín rẹ̀, ìbẹ̀rù pé kí ẹsẹ̀ tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀, iyè lè ti ṣáájú rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó wọ yàrá tí kò rántí ohun tí ó wá mú, ẹni tí ó pe orúkọ ọmọ mẹ́ta kí ó tó kan ti èyí tí ó dúró níwájú rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá nǹkan ti dé, àwọn ará ilé pàápàá, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n, yóò sì ti dá ẹjọ́ náà ní gbólóhùn kan: "Màmá ti ń ṣarán." Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, nítorí ó dá mi lójú pé èdè wa lọ́rọ̀ ju bí a ti ń lò ó lórí ọ̀ràn yìí lọ, àti pé ìyà tí a fi ń jẹ àwọn àgbà wa nípa sísọ gbogbo ohun tí ó bá ṣe wọ́n ní orúkọ kan ṣoṣo kò kéré rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi tí ó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbàgbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà nìkan. Ọmọdé ń gbàgbé iṣẹ́ tí a rán an, onígbèsè ń gbàgbé ọjọ́ tí ó dá, àwọn baba wa sì wí pé ẹni tí ó yàgbẹ́ ni ó ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé, èyí tí ó fi hàn pé ìgbàgbé mìíràn wà tí ó jẹ́ pé inú ẹni ni ó ti wá. Bí ó bá sì jẹ́ pé fún ìgbà díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yọ́ lọ, tí ó tún yọ́ padà kí ilẹ̀ tó ṣú, a kì í tilẹ̀ pè é ní ìgbàgbé. "Ọkàn mi fò ó" ni à ń wí, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Èdè tìkára rẹ̀ ti mọ̀ pé irú èyí kò lè ṣàìṣẹlẹ̀ sí ọmọ ènìyàn, ni ó fi pèsè kinní fún nǹkan tí orúkọ rẹ̀ sá pamọ́, tí ó sì pèsè lágbájá fún ẹni tí a mọ ojú rẹ̀ tí a kò rí orúkọ rẹ̀ mú, kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ má baà dúró gbagidi láàrin ọ̀nà. Àgbàlagbà tí ó wí pé, "Lágbájá, ọmọ ìyá aláṣọ ìjọ́sí, gba kinní yìí lọ́wọ́ mi," tí ó sì mọ ọmọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ àti ohun tí ó fẹ́ kí ó gbà, kò ṣarán o.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ tún àṣìlò kan ṣe, èyí tí ó ti ń wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Wọn a máa wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí mi pé mo fẹ́ lọ sí ọjà lọ́la." Ẹni tí ó rántí ni ẹni tí ọ̀rọ̀ padà sí lọ́kàn, ẹni tí ó mú kí ó padà sí i lọ́kàn, ó rán an létí ni. "Ẹ rántí mi" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń lọ sí ìrìnàjò tí ó ń bẹ̀ pé kí a má gbàgbé òun. "Ẹ rán mi létí" ni ti ẹni tí kò fọkàn tán iyè ara rẹ̀. Etí sì ni Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ náà lé, bí ẹni pé etí ni ilẹ̀kùn tí ohun tí ó sọnù ń gbà wọlé padà. Èmi yóò sì tún kan etí yìí níwájú.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù nínú gbogbo wọn ni iyè. Ohùn rẹ̀ jẹ́ re-dò. Kí a má ṣe fi ṣe ìyè, dò-dò, tí í ṣe wíwà láàyè, tàbí iye, re-re, tí í ṣe oye tí nǹkan jẹ́. Iyè ni ibi tí ènìyàn ń kó ohun tí ó mọ̀ sí. Òun ni ó wà nínú fiyèsí, nítorí ohun tí a kò bá fi iyè sí kò lè dúró síbẹ̀. Òun náà ni ó wà nínú iyèméjì, tí iyè ẹni pín sọ́nà méjì tí kò mọ èyí tí yóò gbà. Oníyè ni à ń pe ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan, ìsọyè sì ni oògùn tí àwọn tí ń kọ́ Ifá ń lò kí ohun tí wọ́n kọ́ má baà bọ́ lọ. Wọn kò jayò pa láti wá a: 256 ni odù Ifá, ẹsẹ̀ tí ó wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan kò níye, inú ọpọlọ ni gbogbo rẹ̀ sì wà látijọ́ láìsí ìwé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn arókin láàfin Ọ̀yọ́, tí ó jẹ́ pé ìtàn àwọn Aláàfin ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí Samuel Johnson sì ti ẹnu wọn gba púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Níbi tí iyè ti jẹ́ ilé ìwé àti ilé ìdájọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ìbẹ̀rù pípàdánù rẹ̀ pọ̀.

Nígbà tí iyè bá wá ń bàjẹ́, à ń wí pé iyè ra. Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa síbí, nítorí ẹyọ gírámà kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó ti da ìdílé púpọ̀ rú. "Iyè rẹ̀ ra" kò ní olùṣe. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìkan ni ó sọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé eyín rẹ̀ ká tàbí ojú rẹ̀ fọ́. Ṣùgbọ́n "wọ́n ra á níyè" ní olùṣe: ẹnìkan jókòó sí ibìkan tí ó fi oògùn tàbí ọfọ̀ gba iyè lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ nípa gbájú-ẹ̀ tí ó ra obìnrin níyè kí ó tó gbówó rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti inú gbólóhùn àkọ́kọ́ bọ́ sínú ìkejì láìfura ti pe ẹnìkan lẹ́jọ́, ọjọ́ kì í sì í pẹ́ kí a tó rí ẹni tí a ó fi ẹjọ́ náà kàn: ìyàwó, orogún, tàbí àbúrò tí kò bá wọn rẹ́. Èyí tí ó burú jù ni pé arúgbó obìnrin tí ń sọ ọ̀rọ̀ kántankàntan lóru, tí ó ń pe orúkọ òkú, ni a ó tún wí pé ó ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Ẹyin lohùn, obìnrin mélòó ni a ti lé jáde nínú ilé tí òun tìkára rẹ̀ kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ó bọ́ lẹ́nu ará ilé!

Arán ni ó kù. Re-mí ni ohùn rẹ̀, kì í ṣe àrán tí à ń fi dá agbádá, kì í sì í ṣe aràn tí ń gbé inú ọmọdé. Ẹni tí ó ń ṣarán ni ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra dé ibi tí kò lè dá gbé ìgbé ayé rẹ̀ mọ́: ó jẹun tán, ó ní wọn kò fún òun lóúnjẹ láti àná, ó jáde lọ sí ìta tí ó ti ń gbé láti ìgbà èwe, kò mọ̀nà ilé mọ́, ó di ọ̀bẹ mú, kò mọ ohun tí à ń fi í ṣe. Ẹni tí ó wá ọ̀bẹ tì, ó gbàgbé ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì yìí ni àwọn oníṣègùn ń fi gbogbo ọjọ́ wá, èdè wa sì ti ní in lọ́wọ́ tipẹ́. Ohun tí ó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé a sọ ọ́ di èébú; a ń fi í bú ẹni ogójì ọdún tí ó ta wá lẹ́nu, nígbà tí ó sì tó àkókò láti lò ó fún ẹni tí ó yẹ, ojú ń tì wá láti pè é.

Ní 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun jẹ́ aṣáájú wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà láti wádìí iyè àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn n'Íbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì àti àwọn mìíràn kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà wọlẹ̀, nígbà tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2001, a rí i pé nínú 1,000 àgbàlagbà, bí 13 sí 14 ni àìsàn iyè ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, tí ó sì jẹ́ bí 32 ní Indianapolis. Èmi kò ka èyí sí ohun ìyangàn, nítorí 13 náà, ènìyàn ni wọ́n, wọ́n sì lọ́mọ. Ohun tí ó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà ni ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè ọ̀rọ̀. Ìwé ìbéèrè tí a kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ẹ̀yà Cree ní Kánádà ni wọ́n sọ di Yorùbá, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí ẹni tí kò dé ilé ìwé rí kò fi ní jìyà àìmọ̀wé; wọn a bi àgbàlagbà fúnra rẹ̀, wọn a sì tún bi ẹni tí ó ń bá a gbé. Àwọn tí kò mọ ọdún tí a bí wọn, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a bí nígbà ogun Adubi ti àwọn Ẹ̀gbá ní 1918.

Èyí tí n óò fi kún un nísinsìnyí, tèmi ni. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá dénú lè jókòó ti arúgbó wa kí ó sì pe àṣà ní àìsàn. Bí ó bá bi màmá àgbà pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, tí wọ́n dákẹ́, wọn kò gbàgbé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni. Bí ó bá bi wọ́n ní orúkọ àbúrò ọkọ wọn, tí wọ́n wí pé "Bàbá Kékeré" tí wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ ni. Bí wọ́n bá sì ń pe ọmọ-ọmọ wọn ní "bàbá mi", tí wọ́n ń kì í ní oríkì ẹni tí ó ti kú kí wọ́n tó bí i, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò dá ọmọ mọ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá bi ọmọ tí ó gbé wọn lọ́wọ́ pé, "Ọmọ ta ni ọ́?", tí ọmọ náà dáhùn, tí wọ́n tún bi í, tí wọ́n sì tún bi í, ọjọ́ náà ni kí a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí a sì tètè gbé wọn lọ, nítorí kì í ṣe gbogbo iyè tí ó ń ra ni kò ní padà. Ibà àti àìsàn inú ìtọ̀ lè da arúgbó lọ́kàn rú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Oògùn tí ó pọ̀ jù, àìtó fítámì B12, ìbànújẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya, àti ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sí agbárí lẹ́yìn ìṣubú tí gbogbo ilé ti gbàgbé, gbogbo wọn ni wọ́n ń fara jọ arán, tí wọ́n sì gbọ́ ìtọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tí a kò bá mójú tó láti ìgbà tí a wà ní àádọ́ta ọdún ń ba iyè jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Níhìn-ín ni etí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tún gbé wọlé: àwọn oníṣègùn ti rí i pé ẹni tí etí rẹ̀ ń di tí a kò tọ́jú rẹ̀ súnmọ́ àìsàn iyè ju ẹlòmíràn lọ, kí a tó wá sọ ti pé ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rárá ni a máa ń rò pé ó gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí a wo etí wọn kí a tó dá wọn lẹ́jọ́. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ìtọ́jú yìí sì wà nínú ọmú náà.

Bí a bá wá bi mí ní orúkọ tí ó yẹ kí a máa pe àìsàn yìí ní Yorùbá, iyè ríra ni n óò mú. "Àrùn ìgbàgbé" tí àwọn kan ń wí fúyẹ́ jù, nítorí gbogbo wa ni à ń gbàgbé. Èébú ti ba arán jẹ́. Wèrè kò sì kan ọ̀ràn náà rárá. Iyè ríra kò bú ẹni tí ó ń ṣe, kò sì fi ẹnikẹ́ni sùn. Kí ẹ fi àmì sí i bí ẹ bá ń kọ ọ́, kí ẹni tí ń kà á má baà pè é ní iye rírà, kí ó rò pé ọjà ni. Bí ó bá sì di pé kí ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, ẹ má ṣe fi àgbà yín pamọ́ sí yàrá, ẹ má sì ṣe sọ ọ́ lábẹ́ ohùn, ẹ kàn wí pé, "Iyè Màmá ti ń ra. Bí ẹ bá rí wọn lójú títì láwọn nìkan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa mú wọn wálé."