Ohun tó bí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ nínú sí TrueCar

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà fi bá ìkànnì TrueCar jà, nígbà tó ń fa oníbàárà wá fún wọn?

Ìdáhùn: Iye tí àwọn ẹlòmíràn san ni TrueCar ń fi han ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun. Oníbàárà á ti mọ iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò kó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, ìnájà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Oníṣòwò kan á dín owó kù, ẹlòmíràn á dín in kù ju tiẹ̀ lọ. Nígbà náà, wọ́n tún ń san nǹkan bíi 299 dọ́là fún TrueCar lórí ọkọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tipasẹ̀ rẹ̀ tà. Èyí tó jọ pé ó dùn wọ́n jù ni pé àkọsílẹ̀ ọjà tiwọn ló fi ń ṣírò iye tó ń jẹ èrè wọn.

Lópin ọdún 2011, Honda kìlọ̀ pé òun ò ní fún oníṣòwò tó bá polówó ọkọ̀ lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ní iye tó kéré sí èyí tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìwé-owó fún un ní owó ìpolówó mọ́. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi TrueCar sílẹ̀. Ní 2012, ó yí ọ̀nà tó ń gbà fi iye hàn padà, àwọn kan sì padà wá.