Ìnáwó Ọmọ Tuntun, Nígbà Tí Oyún Dé Láìròtẹ́lẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé, oyún kì í dúró de ìgbà tí àpò bá kún. Ẹlòmíràn ti bí ọmọ mẹ́ta, ó sì ti sọ nínú ara rẹ̀ pé ó tó. Ẹlòmíràn kò tí ì san gbèsè ìgbéyàwó tán. Lójijì ni obìnrin kíyèsí i pé nǹkan oṣù òun kò dé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a kọ ẹ̀kọ́ yìí fún. A kò kọ ọ́ láti bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí ìbáwí kì í ra ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í san owó agbẹ̀bí.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ irú oyún bẹ́ẹ̀ di ọ̀wọ́n ni ìdákẹ́jẹ́. Obìnrin a fi í pamọ́ fún ọkọ. Ọkọ, nígbà tí ó bá gbọ́, a dákẹ́ bí ẹni pé bí òun kò bá sọ̀rọ̀ rẹ̀, oyún náà yóò padà sí ibi tí ó ti wá. Báyìí ni oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ń kọjá lọ, èyí tí ìbá jẹ́ oṣù ìfowópamọ́. Àwọn mìíràn a sì máa mu àgbo tàbí oògùn ní ìkọ̀kọ̀ láti fi lé oyún lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti ibẹ̀ dà ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀, ẹni tí kò sì pa lè ná owó ní ilé ìwòsàn ju èyí tí ìbímọ ìbá gbà lọ. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí obìnrin bá ti fura, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀. Kí ọkọ náà má ṣe bèèrè pé, “Báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀?” Òun náà mọ̀ dájú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe é, bí a ti ń ṣe é ní kíláàsì. Oyún a máa gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40, bí a bá kà á láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn. Bí a bá mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀sẹ̀ 28 ni ó kù, èyíinì ni ọjọ́ 196. Káfíńtà kan tí ó bá ń fi ₦300 sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí aya rẹ̀ tí ń ta èlùbọ́ sì ń fi ₦200 kún un, yóò ní ₦98,000 nígbà tí ọjọ́ bá pé. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ alájọ ni wọ́n ń dá a sí, tí alájọ sì ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí àṣà, ₦3,500 yóò jẹ́ tirẹ̀ fún oṣù 7, ₦94,500 yóò sì kù fún wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ara wọn títí di ọ̀sẹ̀ 28, ọjọ́ 84 péré ni ó kù, gbogbo owó náà kò sì ní ju ₦42,000 lọ. Kì í ṣe pé iṣẹ́ wọn kò mówó wọlé. Ọjọ́ ni wọ́n sọ nù.

Kí a tó fi owó yìí ra ohunkóhun, kí a yọ owó ọkọ̀ òru sọ́tọ̀. Ìrọbí kì í yan ìgbà. Kí a ti bá awakọ̀ kan ní àdúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí a kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ara ògiri, kí owó rẹ̀ sì wà nínú ilé, kì í ṣe ní ọwọ́ alájọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí orí bá ń fọ́ aláboyún gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ọmọ inú kò bá mira mọ́, kò sí àyè láti máa kan ilẹ̀kùn kiri fún ẹ̀yáwó. Mo fi èyí ṣáájú aṣọ ọmọ, nítorí mo ti rí ilé tí àpótí kún fún aṣọ ọmọ tí kò sì sí owó ọkọ̀.

Àwọn kan rò pé bí àwọn kò bá tètè lọ sí ilé ìwòsàn, owó ni àwọn dá sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbani níyànjú pé kí aláboyún rí oníṣègùn tàbí agbẹ̀bí ní ìgbà 8 ó kéré tán, kí ti àkọ́kọ́ sì bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀ 12. Níbẹ̀ ni a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, tí a sì ń fún ni ní oògùn ẹ̀jẹ̀ àti ti ibà. Àrùn tí a bá rí ní kùtùkùtù, owó kékeré ni ó ń gbà. Kí a bèèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ohun tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀, nítorí ìpínlẹ̀ kan kò rí bí èkejì. Kí a sì bèèrè nípa adójútòfò ìlera, tí òfin 2022 sọ di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Kí a tètè ṣe é, nítorí ètò mìíràn a máa mú kí ènìyàn dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó jẹ àǹfààní rẹ̀.

Obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ oṣù, kí ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá sì ti pé oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà, owó tí a ó san fún un ní àkókò yìí kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì owó oṣù rẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ 8. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a wo ilé náà pẹ̀lú kí a tó yá àga àti ìkòkò ńlá. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi tútù kò wọ́n. Ohun tí ń sọ ilé di onígbèsè ni aṣọ ẹbí, màlúù àti ẹgbẹ́ olórin. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ilé lè bínú. Kí baálé fúnra rẹ̀ lọ bá wọn ní oṣù kan ṣáájú, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó wí pé, “Ẹ̀yin bàbá mi, agbára wa kò gbé àsè ńlá ní ọdún yìí, ẹ gbàdúrà fún wa, ẹ sì bá wa fi ọṣẹ àti ìlédìí ta ọmọ lọ́rẹ.” Ó ṣọ̀wọ́n kí àgbà kọ ọ̀rọ̀ tí a bá fi ìrẹ̀lẹ̀ mú wá. Aṣọ àwọn ọmọ tí ó ṣáájú, bí a bá fọ̀ wọ́n tí a sì sá wọn sí oòrùn, ó tó ọmọ ọwọ́ lò. Ògbólógbòó ìró tí ó rọ̀ sì dára fún ìlédìí.

Wàrà inú agolo a máa gbọ́n àpò gbẹ ju ohun mìíràn lọ. Ọmú ìyá nìkan tó ọmọ fún oṣù 6, láìfi omi kún un, bí oòrùn tilẹ̀ mú. Ẹni tí ń lo agolo kò ra wàrà nìkan. Ó ń ra ìgò, ó ń ra ohun ìdáná láti fi se omi, ó sì ń ra oògùn ìgbẹ́ gbuuru nígbà tí ìgò kò bá mọ́. Ní 1990 ni Nàìjíríà ṣe òfin láti ká àwọn tí ń polówó irú wàrà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò. Ìyá tí àìsàn kò jẹ́ kí ó lè fún ọmọ lọ́mú, oníṣègùn ni kí ó tọ́ ọ sọ́nà. Owó tí a bá yọ níbẹ̀, kí a fi ra ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ fún ìyá.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ ka oṣù. Ọmọ tí a óò bí ní Òkúdù yóò dé nígbà tí iṣu àtijọ́ ti wọ́n tí tuntun kò sì tí ì jáde. Kí a ti tọ́jú èlùbọ́ àti àgbàdo fún ìgbà náà. Bí a bá gbin ẹ̀wà ní ìparí oṣù Ògún, a ó kó o ní Bélú, ọmọ náà yóò sì pé oṣù 6 ní Ọ̀pẹ, nígbà tí ògì nìkan kò ní tó o mọ́, tí a ó máa fi ẹ̀wà lílọ̀, ẹ̀pà tàbí ẹyin kún un. Ọmọ tí a bí ní Ọ̀pẹ bá owó kòkó nílé. Ewu tirẹ̀ ni pé owó náà lè tán sí àsè kí Ẹrẹ́nà tó dé.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò gba owó ní ilé ìwòsàn ìjọba: ní ìgbà ìbí, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, àti ní oṣù 9 àti 15. Kí a tọ́jú káàdì rẹ̀ dáadáa.

Nípa oyún mìíràn: ó yẹ kí ọdún 2 kọjá lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún lóyún. Ọmú fífún máa ń dènà oyún, ṣùgbọ́n bí ohun mẹ́ta bá pé nìkan: kí ọmọ má tí ì pé oṣù 6, kí ó máa mu ọmú nìkan tọ̀sán-tòru, kí nǹkan oṣù má sì tí ì padà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ààbò náà ti lọ. Kí tọkọtaya bèèrè ọ̀nà mìíràn lọ́wọ́ agbẹ̀bí kí ìyá ọmọ tó kúrò ní ilé ìgbẹ̀bí, kí àwọn méjèèjì sì jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣàlàyé.